Imú Àbúrò Rẹ̀ Ló Fi Gba Ìyìn

Ẹ̀yin òǹkàwé, obìnrin tó ni ìtàn yìí kò wá kí a bá òun dárò. Ó jókòó, ó gbé báàgì rẹ̀ lé orúnkún, ó ní: "Ẹ kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Ẹ má bù mọ́ ọn, ẹ má bù kúrò níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá tìtorí ẹ̀ ṣíwọ́ lára ohun tó ń ṣe sí ọmọ ìyá rẹ̀, ó tó mi."

Apòògùn ni. Ó lé ní ọdún mẹ́rìndínlógún tó fi dúró lẹ́yìn káńtà nílé oògùn tirẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì sì ti gba iṣẹ́ lọ sí ìlú mìíràn. Ilé wá dákẹ́ jù fún un. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló lé e dé ẹgbẹ́ àwọn olùfẹ́ wáìnì.

Èèyàn méjìlá ni wọ́n nínú ẹgbẹ́ náà. Ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n á pàdé ní yàrá òkè ilé ìkàwé. Wọ́n á tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì gígùn, wọ́n á to ife, wọ́n á gé búrẹ́dì wẹ́wẹ́, wọ́n á sì gbé garawa irin kan sáàárín. Bébà ni wọ́n fi ń wé ìgò kí ẹnikẹ́ni má baà rí orúkọ tó wà lára rẹ̀. Wọ́n á bu díẹ̀ síni nífe. O ó wò ó, o ó gbóòórùn rẹ̀, o ó fi yí ẹnu ká, o ó sì tu ú sí garawa. Lẹ́yìn náà lo ó wá sọ irú àjàrà tí wọ́n fi ṣe é àti bóyá inú àgbá onígi ló ti dàgbà.

Alága wọn, adájọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, máa ń sọ pé: "Ẹni tó bá gbé e mì níbí, òǹgbẹ ló ń gbẹ ẹ́, kì í ṣe ìmọ̀."

Apòògùn fẹ́ràn gbogbo rẹ̀. Ó fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ kí ẹnì kan lè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n imú rẹ̀ kò gbọ́ràn. Fún odindi ọdún méjì, gbogbo wáìnì tí wọ́n bu fún un, "èso pupa" ló ń pè é.

Lọ́jọ́ kan, Dókítà Eyín, ọkùnrin kan tí ẹnu rẹ̀ mú ju irinṣẹ́ tó fi ń yọ eyín lọ, wò ó, ó ní: "Àǹtí Apòògùn, ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Imú tó ti ń gbóòórùn oògùn ikọ́ láti àárọ̀, kí lẹ fẹ́ kó tún gbọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn bá a délé, ó bá a jẹun, ó bá a dé orí bẹ́ẹ̀dì.

Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni Alága kéde pé ní oṣù mẹ́fà sí i, ẹgbẹ́ márùn-ún yóò pàdé fún ìdíje. Ẹni kan ṣoṣo ni yóò dúró fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. "Ẹni tí imú rẹ̀ bá já fáfá jù láàárín wa ni a ó fi síwájú."

Nǹkan kan dìde lọ́kàn Apòògùn, kò sì tún jókòó mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú àbúrò rẹ̀ wọlé. Ọ̀kan ṣoṣo ló ní. Káfíńtà ni, ó ní ìyàwó tó ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, ó sì bí ọmọbìnrin méjì. Ọtí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ọkùnrin yìí tán nígbà kan rí. Ó ta ayùn, ó ta ìfági, ó ta òrùka ìyàwó. Ìyàwó kó lọ sílé àwọn òbí rẹ̀. Apòògùn ló gbé e lọ sílé ìwòsàn, ó sì jókòó tì í fún ọjọ́ mọ́kànlá.

Ìṣojú rẹ̀ ni dókítà ṣe sọ fún àbúrò rẹ̀ pé: "Kò sí ife kan fún ọ mọ́ láyé. Ife kan àti àgbá kan, bákan náà ni wọ́n jẹ́ fún ọ."

Wọ́n wá fún un ní oògùn, hóró funfun kan láràárọ̀. Ẹni tó bá ń lò ó, tó bá fẹnu kan ọtí, èébì yóò gbé e, àyà rẹ̀ yóò sì máa lù kìkì. Ìyàwó rẹ̀ padà wálé nítorí hóró yẹn. Òun ló ń fún un láràárọ̀, á dúró títí á fi gbé e mì. Apòògùn ló sì ń di oògùn náà sínú ìgò fún wọn ní àárín oṣù. Ọdún márùn-ún àti oṣù méjì ni wọ́n ti ń bá a bọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, káfíńtà wá tún ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ṣe nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Apòògùn ṣí ìgò wáìnì méjì sílẹ̀ lórí tábìlì, ó ń fi kọ́ra.

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan nínú ìgò méjì yẹn ti bàjẹ́," ni àbúrò wí, kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ó ń rùn bíi páálí tí òjò pa."

Apòògùn gbé méjèèjì símú. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó lọ yẹ ìwé tí ẹgbẹ́ fún wọn wò, ó sì bá a níbẹ̀: òórùn páálí tútù, àmì pé ìdérí ìgò ti ba wáìnì jẹ́.

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Tí mo bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi, mo máa ń mọ pákó tó ti rà nínú kí n tó fi ayùn kàn án. Èkejì yẹn, inú igi ló ti wá. Wọ́n sì ti fi iná ra inú igi náà díẹ̀."

Ká ní obìnrin yìí dé ìgò rẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn ni, ì bá má sí ohun tí à ń kà. Kò dé e.

"Máa wá fún mi ní imú rẹ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀," ó ní. "Imú nìkan."

Káfíńtà gbé òòlù sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, imú àti ẹnu, ọ̀fun kan náà ni wọ́n ti ń pàdé."

"Ṣé mo ní kí o mu ún ni?"

"Ẹ ò ní kí n mu ún."

"Nígbà tí o ò mọ orúkọ ara rẹ mọ́, ta ló jókòó tì ọ́?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ṣé mo ti tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ rí?"

Àbúrò mú òòlù rẹ̀, ó kan ìṣó kan wọlé, ó kan èkejì. "Ọjọ́bọ̀ lẹ wí, àbí? Mo máa wá."

Obìnrin náà sọ fún wa pé: "Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Oore ni mo fi dè é lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀."

Ẹgbẹ́ gbà kí èèyàn mú àlejò wá. Apòògùn mú àbúrò rẹ̀ lọ, ó fi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ti fohùn ṣọ̀kan lórí àmì. Bí àbúrò bá fi ìka gbá tábìlì lẹ́ẹ̀kan, irú àjàrà báyìí ni. Tó bá gbá a lẹ́ẹ̀mejì, irú tọ̀hún ni. Tó bá fọwọ́ ra irùngbọ̀n, inú àgbá onígi ló ti wá. Ọkùnrin náà yóò gbé ife dé abẹ́ imú, yóò gbé e kalẹ̀, yóò sì ṣe bí ẹni tó ń ronú nípa ilé rẹ̀.

Ní ìjókòó àkọ́kọ́, Apòògùn gba mẹ́rin nínú márùn-ún. Ní ìkejì, ó gba gbogbo rẹ̀. Alága ní: "Imú yìí ti kúrò ní ti ẹnì kan, ó ti di ti ẹgbẹ́." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Orí rẹ̀ wú débi pé díẹ̀ ló kù kó má gba ẹnu ọ̀nà jáde.

Ìjókòó kẹta ló yí padà. Wọ́n bu wáìnì méjì tó jọra. Ìka àbúrò dúró sójú kan. Apòògùn gbìyànjú láti sọ tiẹ̀, ó kùnà méjèèjì. Dókítà Eyín gbà wọ́n. "Ó jọ pé imú ti sùn lónìí," ó ní.

Lórí àtẹ̀gùn, Apòògùn di àbúrò rẹ̀ mú lápá. "Kí ló dé?"

"Òórùn kan náà ni wọ́n ní. Ahọ́n nìkan ló lè yà wọ́n." Ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ẹlòmíì. Láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, mò ń jí lójú oorun, mò ń fọwọ́ wá ife lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

Ọ̀rọ̀ yẹn yé e. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó yé e. Bí oníbàárà kan bá wá sọ bẹ́ẹ̀ níwájú káńtà rẹ̀, yóò jókòó tì í, yóò pe dókítà fún un.

"Fi kan ahọ́n, kí o tu ú dà," ló sọ. "Gbogbo wa náà là ń tu ú dà."

"Oògùn mi ńkọ́?"

"Fi ti oògùn sílẹ̀ fún mi."

Ọkùnrin náà wò ó títí. "Ṣé ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, Ẹ̀gbọ́n?"

"Èmi ni mo sọ ọ́."

Ní àárín oṣù náà, ìyàwó káfíńtà wá gba oògùn bó ti máa ń ṣe, eruku ṣọ́ọ̀kì ṣì wà lápá aṣọ rẹ̀. Apòògùn wọ yàrá ẹ̀yìn. Ó gbé ike fítámì kan sọ̀ kalẹ̀, hóró funfun, kò tóbi ju ti ìṣáájú, kò sì kéré sí i. Ó ka ọgbọ̀n sínú ìgò, ó lẹ orúkọ oògùn àtijọ́ mọ́ ọn lára, ó tẹ́ ẹ pẹ̀lẹ́ kó má ká.

"Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n," ni ìyàwó àbúrò rẹ̀ wí. "Láìsí yín, ta ló mọ ibi tí à bá wà?"

"Kò tọ́pẹ́," ló dá a lóhùn.

A bi í bóyá àbúrò rẹ̀ mọ̀. Ó ronú sí i. "Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó tọ́ wáìnì wò, inú rẹ̀ kò rú. Ó wò mí. Kò bi mí. Èmi náà ò sọ."

Ní ìjókòó tó tẹ̀ lé e, káfíńtà tu ti àkọ́kọ́ sí garawa. Ó tu èkejì. Nígbà tó kan ìkẹta, Apòògùn rí gògóńgò rẹ̀ tó gòkè tó sì sọ̀ kalẹ̀. Kò tu nǹkan kan. Apòògùn gbójú kúrò, torí pé lójú ẹsẹ̀ náà ni ìka gbá tábìlì lẹ́ẹ̀mejì, ó sì jẹ́ òótọ́, wọ́n sì ti ń pàtẹ́wọ́. Lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n yàn án láti dúró fún ẹgbẹ́.

Bó ṣe di pé káfíńtà ń wá lọ́jọ́ tí wọn kò pè é nìyẹn. Ọjọ́ Ajé, ó ti dé. Ọjọ́rú, ó ti dé. Á ní òun wá wo ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Ìgò tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ṣí lálẹ́, òfìfo ni yóò bá. Ó kan tábìlì fún oníbàárà kan, ẹsẹ̀ kan gùn ju mẹ́ta yòókù lọ. Ó ṣe ilẹ̀kùn fún ilé ẹ̀kọ́ kan, ilẹ̀kùn náà kọ̀, kò pa dé.

Ìyàwó rẹ̀ pe Apòògùn lórí fóònù. "Ẹ̀gbọ́n, ó ń rùn. Mo mọ òórùn yẹn, mi ò lè ṣì í mọ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń fún un lóògùn, kì í sì í bì. Ṣé oògùn yẹn lè dẹ́kun iṣẹ́ ni?"

"Fáníìṣì tó fi ń kun igi lo ń gbọ́," ni Apòògùn wí. "Má máa fura sí ọkọ rẹ láìnídìí. Ìfura náà máa ń lé èèyàn padà sínú rẹ̀."

Ìyàwó àbúrò rẹ̀ ní: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Bóyá èmi ni mò ń ṣàṣejù."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kí ìdíje dé. Apòògùn sọ fún ara rẹ̀ pé bí ọjọ́ yẹn bá ti kọjá, òun á dá oògùn gidi padà sínú ìgò, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ ilé ìkàwé ni ìdíje ti wáyé. Ó tó ọgọ́ta èèyàn tó jókòó. Àwọn olùdíje márùn-ún wà nídìí tábìlì funfun, káfíńtà sì wà nínú àga iwájú láàárín àwọn àlejò, níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti lè rí ìka rẹ̀ lórí orúnkún. Wáìnì kan náà ni wọ́n ń bu fún àwọn àlejò.

Ó gba àkọ́kọ́. Ó gba èkejì. Ó gba ìkẹta, gbọ̀ngàn sì hó.

Wọ́n bu ìkẹrin. Ó gbójú sókè. Àga àbúrò rẹ̀ ti ṣófo.

"Apòògùn?" ni Alága wí.

"Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan."

Ilẹ̀kùn ṣí. Ó yíjú síbẹ̀ pẹ̀lú ìrètí. Ìyàwó àbúrò rẹ̀ ni. Ó gba àárín àwọn àga kọjá láìkánjú, ó dé ìdí tábìlì, ó sì gbé ìgò oògùn kan kalẹ̀ láàárín àwọn ife.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "mo gbé e lọ sílé oògùn míì láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní fítámì ni. Mo ní irọ́ ni wọ́n ń pa, pé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló dì í. Wọ́n tún un wò lójú mi."

Ó yí ìgò náà kí orúkọ ara rẹ̀ lè kọjú sí Apòògùn.

"Oṣù méjì ààbọ̀. Mò ń dúró tì í kó gbé e mì. Mò ń ní kó la ẹnu kí n wò." Kò gbé ohùn sókè rárá. "Ẹ sọ fún mi pé àṣìṣe ni. Tí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀, màá gbà yín gbọ́, màá sì máa lọ."

Apòògùn la ẹnu. Ó jẹ́wọ́ fún wa pé àṣìṣe yẹn gan-an lòun fẹ́ pè é. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n.

Ife kan fọ́ nínú yàrá kékeré tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, níbi tí wọ́n kó àwọn ìgò sí. Dókítà Eyín ló ṣí ilẹ̀kùn. Káfíńtà wà lórí ilẹ̀ láàárín bébà tó ti fà ya, ìgò kan lọ́wọ́ rẹ̀, méjì ti ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn ló ń rí i. Ó wá ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí ó fi rí i.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mo pẹ́," ó ní. "Ìkẹrin, mo ti mọ̀ ọ́n."

Ó sì fi ìka gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lẹ́, ó fọwọ́ ra irùngbọ̀n.

Dókítà Eyín wo ìka náà. Ó wo Apòògùn. "Àṣé imú tiẹ̀ ni," ó ní. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

Ìyàwó káfíńtà kúnlẹ̀ sínú wáìnì tó dà sílẹ̀, ó ń gbìyànjú láti gbé ọkọ rẹ̀ dìde. Apòògùn sún mọ́ wọn láti ràn án lọ́wọ́. Obìnrin náà na ọwọ́ kan, ó fi dá a dúró, kò sì bojú wo ẹ̀yìn.

Alága nìkan ló bá Apòògùn sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. "Mo ti rán èèyàn lọ sẹ́wọ̀n lórí ohun tí kò tó èyí," ó ní, ó sì mú fìlà rẹ̀.

Apòògùn kọ lẹ́tà fúnra rẹ̀ sí àjọ àwọn apòògùn, ó sọ ohun tó ṣe. Wọ́n gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Ilé oògùn ti di ibi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe báyìí. Ó ní ìyẹn kọ́ ló dun òun, ohun tó dun òun ni pé kò sí ẹni tó rí nǹkan kan jèrè nínú ẹ̀.

Oṣù méjì lẹ́yìn ìdíje, ayùn oníná gé ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún káfíńtà. Ìyàwó rẹ̀ kó àwọn ọmọ, ó lọ. Wọ́n gbé ọkùnrin náà lọ sílé ìwòsàn lẹ́ẹ̀mejì, ó sá jáde lẹ́ẹ̀mejì. Dókítà tún fún un ní hóró funfun náà, ojúlówó rẹ̀. Ó dà á sílẹ̀.

"Ta ló mọ ohun tó wà nínú ẹ̀?" ó ní.

Ọdún márùn-ún tó fi yè, ìgbàgbọ́ nínú hóró kékeré yẹn ló mú un dúró, ọmọ ìyá rẹ̀ sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ìgbàgbọ́ náà jẹ́. Láti ìgbà náà, kì í gba ohunkóhun lọ́wọ́ Apòògùn. Oúnjẹ ni o, aṣọ ni o, títí kan oògùn orí fífọ́.

Apòògùn lọ dúró de ìyàwó àbúrò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́. Ó fẹ́ bẹ̀bẹ̀. Obìnrin náà jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Mi ò bá yín jà, Ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Ó ti rẹ̀ mí ni. Ọjọ́ tí mo pè yín, mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má bínú. Ọjọ́ yẹn ni mò ń rò jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá síbí mọ́. Àwọn ọmọ ń bi mí léèrè yín, mi ò sì mọ ohun tí mo lè sọ."

A fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ìtùnú fún un níbí yìí. Ó gbọ́wọ́ sókè. "Ẹ má sọ pé yóò dára. Mo ti ka ìwé nípa àìsàn ọtí, mo mọ bó ṣe ń parí."

Ó wá sọ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, aládùúgbò àbúrò rẹ̀ pè é pé ọkùnrin náà ń gbọ̀n, kò sì lè dìde. Ó gbé ọbẹ̀ àti búrẹ́dì, ó sáré lọ. Ó bá a lórí ilẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri.

"Jẹ́ kí n gbé ọ lọ sílé ìwòsàn."

"Rárá."

"Jẹun díẹ̀."

"Rárá."

"Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe fún ọ?"

"Ẹ ra ìgò kan wá."

Ó mọ̀ pé bí ọtí bá dá lójijì lára ẹni tó bá ń gbọ̀n báyẹn, gìrì lè gbé e lọ kí ọkọ̀ ilé ìwòsàn tó dé. Ó jáde. Ó dúró níwájú pẹpẹ ọtí nínú ilé ìtajà tó wà níkòríta.

"Irú èwo, Mọ́mì?" ni ẹni tó ń tà á bi í.

"Èyíkéyìí tó bá le."

Ó ru ú padà. Ó ṣí i fún un, torí ọwọ́ tó kù ìka méjì kò lè ṣí i. Àbúrò rẹ̀ gbà á. Ohun àkọ́kọ́ tó gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láti oṣù méje nìyẹn.

"Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n," ó ní.

Ọbẹ̀ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń tutù. Apòògùn jókòó tì í títí ọwọ́ rẹ̀ fi dẹ́kun gbígbọ̀n.